Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Kòkó Àna Akọ̀wé

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akọ̀wé àti akápò ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, a kì í fi ìwé òfin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn ni a máa ń gbé kalẹ̀. Ẹ yẹ èyí wò.

Akọ̀wé ń wọn kòkó. Bàbá ìyàwó rẹ̀ gbé àpò méjì dé. Ọ̀la ni yóò san owó ilé-ìwé ọmọ. Akọ̀wé ki ọwọ́ bọ àpò: kòkó náà kò tíì gbẹ. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣáà bá mi wọ̀n ọ́n." Kí ni kí ó ṣe?

Àwọn kan a ní àpò méjì kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú kílò 100 kòkó gbígbẹ, omi kò gbọdọ̀ ju kílò 8 lọ. Bí omi bá jẹ́ 12, ó lé ní kílò 4 tí yóò fò lọ kí ó tó gbẹ dáadáa. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò san án, títí kan opó tí ó sá tirẹ̀ gbẹ. Bí ó bá sì bu, yóò ran ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ìjọba tú Bọ́ọ̀dù Kòkó ká ní 1986, irú kòkó báyìí wà lára ohun tí ó ba orúkọ kòkó wa jẹ́ lókè òkun.

Àwọn mìíràn a ní kí ó dá bàbá padà. Ìyẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn. Owó ilé-ìwé kì í dúró de oòrùn. Lójú tiwa, kí wọ́n sá kòkó náà, kí bàbá sì tọrọ ẹ̀yáwó kékeré lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Kí akọ̀wé bọ́ síta nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò rẹ̀ o!

Bí kò bá sí owó lápò ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ìpàdé. A ó bèèrè rẹ̀ nígbà tí a bá wá yẹ ìwé wò.