Jẹ́ Kí Aṣọ Yan Ọnà fún Ọ

Òjòkú, lẹ́bàá Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àbúrò rẹ fi gbogbo àwòrán kúílìtì tí o fi ránṣẹ́ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Inú mi dùn gan-an ni. Láti ìgbà tí mo ti ń fi iṣẹ́ télọ̀ jẹun, ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí nínú ẹbí bí a ṣe ń so àgékù aṣọ pọ̀ di ìbora. O ní kí n bá ọ mú èyí tó dára jù nínú àwọn ọnà náà, kí o lè fi bẹ̀rẹ̀. N kò ní mú ọ̀kankan. Lọ ṣí àpótí aṣọ rẹ ná.

Kó gbogbo aṣọ ẹbí tó wà níbẹ̀ jáde: ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti ìkómọ, àwọn tí o wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọn kò sì gbà ọ́ mọ́. Tò wọ́n sórí ẹní, èyí tó dúdú lápá kan, èyí tó mọ́lẹ̀ lápá kejì. Wo bí iṣẹ́ ara wọn ṣe tóbi tó. Áńkárá tí ẹyẹ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, bí o bá gé e ní íǹṣì méjì-méjì, ẹyẹ á dàwátì, àbàwọ́n ni yóò kù. Ọnà tó gba ègé ńlá ni irú rẹ̀ ń fẹ́. Áńkárá oníṣẹ́ wínníwínní ló gba ègé kéékèèké. Bí o bá ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, irú Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, ìyẹn ti pín ara rẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kí o tó fọwọ́ kàn án. Ojú ìlà rẹ̀ ni kí o gé, má là á láàárín. Má kó léèsì àti aṣọ òkè mọ́ áńkárá nínú kúílìtì kan náà, ọ̀kan á máa fa èkejì ya. Nígbà tí o bá ṣe èyí tán, wàá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọnà tí o fi ránṣẹ́ kò bá aṣọ rẹ mu rárá.

Kí o lè rí bí aṣọ ṣe ń yan ọnà, mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa àwọn obìnrin Gee's Bend. Abúlé ni, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, níbi tí odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po. Oko òwú ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ. Nígbà tí òtútù dé tí owó kò sí, aṣọ oko tó gbó ni wọ́n ń já tí wọ́n ń rán pọ̀ bo àwọn ọmọ. Nínú àwọn tí wọ́n fi ṣòkòtò oko rán, ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ ṣì dúdú, nítorí oòrùn kò débẹ̀, gbogbo ibi tó kù ti ṣá. Wọn kò fi í pamọ́, wọn kò gé e sọnù, wọ́n jẹ́ kó di ara ọnà. Ní 1966 àwọn obìnrin àgbègbè náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 2002 ilé ọnà ńlá kan ní Houston gbé kúílìtì Gee's Bend kọ́ ògiri, wọ́n gbé e dé New York lẹ́yìn náà, nígbà tó sì di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹbù lẹ́tà.

Ọnà tí wọ́n ń pè ní Housetop ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi ègé kékeré kan sáàárín, wọ́n á rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á tún rán òmíràn, bí ìgbà tí a bá ń kọ́ yàrá yí àgbàlá ká, títí yóò fi tó ìbora. Ọnà kan náà ni ìyá àti ọmọ rẹ̀ ń rán, síbẹ̀ bí o bá tò wọ́n sílẹ̀, kò sí méjì tó jọra, nítorí aṣọ tí oníkálukú ní nílé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí o máa sáré ti ọnà tuntun lóṣooṣù. Mú ọ̀kan, rán an títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n, kí o tó sọ pé ó wù ọ́ tàbí kò wù ọ́.

Àwọn onímọ̀ kan ní aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ènìyàn wa lọ́hùn-ún ń tò pọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú un lọ. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. N kò bá wọn jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìlọrin, tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ ni wàá rí lórí òfì, télọ̀ ló sì ń rán wọn mọ́ ara wọn kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ìwọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn fún ọwọ́ tuntun ju igun mẹ́ta lọ, torí ẹ̀gbẹ́ aṣọ tí a gé láti igun dé igun máa ń nà lọ́wọ́ ẹni.

Má rò pé àlejò ni iṣẹ́ yìí jẹ́ nílé wa. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀kú eégún kan ti wá, tí ilé ọnà Brooklyn ní New York fi ṣe àfihàn odindi ní 2019. Aṣọ tí wọ́n rán pọ̀ sára ẹ̀kú kan ṣoṣo yìí lé ní 300, láti ilẹ̀ wa, láti Yúróòpù, láti Éṣíà. Ohun tó wà nínú ẹ̀kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, n kò sì ní dé ibẹ̀. Aṣọ tí gbogbo ayé ń rí ni mo ń sọ. Ilé ló ń fi aṣọ kún aṣọ, ìran dé ìran, ọ̀kan kò sì lé èkejì kúrò.

Ó kan iṣẹ́ gan-an wàyí. Fọ gbogbo aṣọ kí o tó gé e. Ti aró, dá a fọ̀ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ba funfun jẹ́ fún ọ. Bí o bá fẹ́ igun mẹ́rin oníǹṣì mẹ́fà, gé e ní mẹ́fà àtààbọ̀, kí o fi ìdámẹ́rin íǹṣì rán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdámẹ́rin yẹn ni kí o bọ̀wọ̀ fún. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá fi ìdámẹ́jọ íǹṣì péré kéré, nígbà tí o bá fi máa rán ègé méjìlá ní ìlà kan, ìlà náà ti fi íǹṣì kan àtààbọ̀ kúrú, kò ní bá ìkejì dọ́gba mọ́. Lẹ́yìn ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan, fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, má wọ́ ọ.

Ojú, ikùn àti ẹ̀yìn ni kúílìtì ní. Òyìnbó ń fi òwú tẹ́ ikùn rẹ̀ nítorí òtútù. Ní Èkó tí o wà, má náwó sí ìyẹn, ìró àtijọ́ tó ti rọ̀ tó, àní títí kan ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n rí i pé o rán ìlà la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já káàkiri. Lífídì, aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ẹṣin ogun láyé àtijọ́ nílẹ̀ Hausa àti Borno, òwú tàbí òwú àràbà ni wọ́n ń kì sáàárín aṣọ rẹ̀, ìlà ìránṣọ yẹn ni kì í jẹ́ kí òwú ṣàn wá sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ti fẹ́ ra èyí tí o kò tíì rán. Harriet Powers, obìnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia ní 1837, rán ìtàn Bíbélì sórí kúílìtì kan. Nígbà tí ìyà ń jẹ ilé rẹ̀, ó gbé e lọ fún obìnrin kan tó ti fẹ́ rà á tẹ́lẹ̀, ó béèrè dọ́là mẹ́wàá, dọ́là márùn-ún ló gbà. Ó máa ń padà lọ wò ó nílé onílé. Ilé ọnà Smithsonian ní Washington ni kúílìtì náà wà lónìí. Má ta àkọ́kọ́ rẹ, ọmọ mi. Èyí tí o bá sì máa tà lẹ́yìn náà, ka wákàtí tí o fi rán an mọ́ owó aṣọ.

Mo ti di àgékù púpọ̀ sínú àpò, awakọ̀ tó ń ná Ọ̀fà sí Èkó yóò gbé e dé lọ́sẹ̀ yìí. Aṣọ ìyá àgbà rẹ wà nínú rẹ̀, mo fi ọ̀já dì í lọ́tọ̀. Aṣọ òkú jẹ́ ti gbogbo ọmọ, nítorí náà má tíì fi àlùmọ́gàjí kàn án. Àwọn àbúrò mi méjèèjì ti gbà, ó ku ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin, yóò wá sílé ní Iléyá, ojúkorojú ni mo fẹ́ bá a sọ ọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń bẹ lókè àpò ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Òjòkú.