Bí Ìgbì Ti Ń Darí Ìṣàn Òkun ní Lẹ́kkí

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí Èbúté Omi Jíjìn ti Lẹ́kkí. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ògiri òkúta sì ń gba ìgbì dúró fún un. Ìbéèrè tí ó kan ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni èyí: bí a ti dí ìgbì lọ́nà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí yanrìn etíkun?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbì kì í gbé omi lọ. Ẹ wo èèpo àgbọn tí ó léfòó: ìgbì a gbé e sókè, a sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni pé ojú kan ni ó wà. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ síwájú fi díẹ̀ ju ìrìn rẹ̀ sẹ́yìn lọ. Ọ̀mọ̀wé George Stokes ni ó ṣàlàyé èyí ní 1847.

Létí bèbè ni agbára ìgbì ti hàn jù. Láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì Àtìláńtíìkì ti ń bọ̀ wá bá wa, ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ń fọ́, ó ń ti omi sí ìlà-oòrùn, omi náà sì ń kó yanrìn lọ bí alágbàrù. Ojú Èkó ti rí i rí. Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó. Yanrìn kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní ìlà-oòrùn. Léraléra ni a da yanrìn sí i, léraléra ni òkun kó o lọ.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìṣirò ṣe àwòṣe òkun sínú kọ̀ǹpútà. Wọn a pín ojú omi bí ojú àwọ̀n apẹja, wọn a sì kọ jíjìn omi, afẹ́fẹ́ àti ìkún òun ìfà òkun sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, àṣìṣe ni, nítorí ìkún òkun Èkó kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ìgbì ni ọ̀gá níbi tí omi ti ń fọ́. A gbọ́dọ̀ ṣírò ìgbì, kí a fi agbára rẹ̀ kún ti ìṣàn; ìṣàn yóò sì yí ìgbì padà, a ó tún un ṣírò. Ojú àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ kéré létí bèbè, nítorí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ kò fẹ̀.

Síbẹ̀, àwòṣe tí a kò fi wé òkun fúnra rẹ̀ kò ṣe é gbára lé. Ó yẹ kí a máa wọn ìgbì nígbà òjò, tí ó máa ń le jù, kí a sì máa wọn etíkun ní ìhà méjèèjì ògiri náà. Kí a má sì gbàgbé àwọn apẹja: wọ́n mọ ìhà tí òkun ń wọ́ àwọ̀n wọn sí.