Ta Ni Yóò Dáná? Ẹ̀kọ́ Lórí Ipò Obìnrin Nínú Ilé Wa

Bíbélì kíkà: Númérì 27:1-11, Òwe 31:10-31, Lúùkù 10:38-42, Éfésù 5:21-33.

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń mú kí ohùn ròkè nígbà tí a bá ń mu tíì lẹ́yìn ìsìn: ipò obìnrin, àti ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní feminism. Ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín. A bẹ̀ yín, kí tọkọtaya jọ kà á pọ̀. Abẹ́rẹ́ ìwòsàn ni a fẹ́ kí ó jẹ́, kì í ṣe èyí tí a ó fi gún ara wa ní ìhà.

1. Èrò mẹ́ta tí ó wà láàrin wa

Èrò kìíní ni ti àwọn tí ó ní àṣà àjèjì ni ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin, pé òun ni ó ń tú ilé ká. Wọ́n ní bí obìnrin bá ti ń gba owó oṣù tirẹ̀ ní ìlú yìí, kò ní mọ ẹni tí í ṣe olórí ilé mọ́. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó ń sọ èyí. Àwọn ìyá wa àgbà kan ń sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí wọ́n ti rí ilé tí ó tú, wọ́n sì ti bá àwọn ọmọ ibẹ̀ sunkún. Ẹ̀rù tí ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Èrò kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa tí ó dàgbà sí ilé-ìwé ìlú yìí. Wọ́n ní Ọlọ́run kan náà ni ó dá akọ àti abo, kò sì sí ìdí tí ọmọbìnrin yóò fi máa fọ àwo nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń wo bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè wọn tọ́ sí ìdáhùn, kì í ṣe ìbáwí.

Èrò kẹta ni ti àwọn tí ó fẹ́ ẹ̀tọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ orúkọ náà. Ọ̀kan lára irú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọlará Ògúndípẹ̀, ọmọ Yorùbá, tí ó kú ní 2019. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1994, ó dá orúkọ mìíràn sílẹ̀, STIWA. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a tún àwùjọ Áfíríkà ṣe, kí obìnrin sì wà nínú àtúnṣe náà. Ó fẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin jọ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni a ń kọ́ sọ.

2. Ìlú tí a wà yìí ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni obìnrin òyìnbó ti ní òmìnira tí a rí lọ́wọ́ wọn lónìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ireland. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1937, sọ ní abala 41.2 pé ìgbé-ayé obìnrin nínú ilé jẹ́ ìrànwọ́ tí ìlú kò lè ṣe aláìní. Ó ní kí ìjọba sapá kí àìní má bàa lé abiyamọ lọ sí ẹnu iṣẹ́ débi pé yóò pa ilé tì.

Títí di 1973, obìnrin tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó. Ti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú kúrò, ní 1958. Lára àwọn ìyá arúgbó tí àwa nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ní Dublin, a rí àwọn tí ó fi iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí òrùka. Owó ọmọ tí ìjọba ń san, tí ó sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ìyá lónìí, baba ni òfin fi í fún títí di 1974. Ní 1976 ni òfin jáde pé ọkọ tàbí aya kò lè dá ta ilé tí ìdílé ń gbé láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i.

Títí di òní, ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí láàrin wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2024, ìjọba pe ará ìlú láti dìbò bóyá kí wọ́n yọ abala 41.2 yẹn kúrò, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú láàrin ẹbí rọ́pò rẹ̀. Nínú ènìyàn 100 tí ó dìbò, bí 74 ni ó kọ̀. Ìdí wọn yàtọ̀. Àwọn kan kò fẹ́ kí a pa orúkọ ìyá rẹ́ nínú òfin. Àwọn mìíràn, tí ó fi mọ́ àwọn kan tí ń jà fún ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara, ní ọ̀rọ̀ tuntun náà kò fi dandan lé ìjọba lọ́wọ́ láti ran ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní "báyìí ni òyìnbó ń ṣe" kò tíì bi òyìnbó léèrè.

3. Ilé tí a ti wá ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n ń dá obìnrin dúró lẹ́nu iṣẹ́ níhìn-ín nítorí ìgbéyàwó, ta ni ó gbọ́ ọ rí ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta pé kí obìnrin pa ìsọ̀ rẹ̀ tì nítorí pé ó lọ́kọ? Ọkọ gan-an ni a retí pé kí ó wá owó tí ìyàwó yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Owó ọkọ wà lọ́tọ̀, owó aya wà lọ́tọ̀, oníkálukú sì mọ ẹrù tirẹ̀. Ní 1864 ni wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kọ́ àwọn Ẹ̀gbá ní oyè náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé kan ní 1997, níbi tí ó ti sọ pé ọjọ́ orí ni àwọn baba ńlá wa fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ẹ wo èdè wa: "ó" ni a ń pe ọkùnrin, "ó" náà ni a ń pe obìnrin. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ akọ, ó lè jẹ́ abo. Ìyàwó a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní "ọkọ mi". Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn kò gbà fún un. Wọ́n ní ètò ọjọ́ orí yìí kò gba ìyàwó tuntun là, nítorí pé àbúrò gbogbo ilé ni òun, títí kan ọmọ tí wọ́n bí kí ó tó dé. Ọmọbìnrin a máa pín nínú ogún baba rẹ̀, ṣùgbọ́n opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣú. Àwa rí òtítọ́ níhà méjèèjì. Àṣà wa kì í ṣe ọ̀run rere, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Ẹ rántí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Aya àlùfáà ni. Ọkọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ìwé Abẹ́òkúta Grammar School àti ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń dá san owó orí tiwọn, síbẹ̀ wọn kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìyá yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ó bọ́ gáùn òyìnbó sílẹ̀, ó ń wọ ìró àti bùbá kí ó lè bá wọn dọ́gba. Láti 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jáde. Owó orí obìnrin dáwọ́ dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìlú sílẹ̀ ní 1949, kí ó tó padà ní ìparí 1950. Ní gbogbo àkókò yìí, ilé rẹ̀ kò tú, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa pe ohun tí ìyá wa ṣe ní Abẹ́òkúta ní àṣà Dublin.

4. Kí ni Bíbélì fi hàn wá?

Àwọn ọmọbìnrin Sélóféhádì márùn-ún bèèrè ogún baba wọn níwájú Mósè, Ọlọ́run sì ní ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Obìnrin inú Òwe 31 ra oko, ó sì gbin ọgbà àjàrà. Nígbà tí Màtá ké pé Màríà fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ fún òun nìkan, Jésù kò lé Màríà padà sí ìdí ààrò. Nínú Éfésù 5, ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 22. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 21, níbi tí ìtẹríba ti kan gbogbo wa, kí a sì ka á dé ẹsẹ 25, níbi tí ẹrù ọkọ ti wúwo jù: kí ó fẹ́ràn débi pé yóò fi ara rẹ̀ lélẹ̀.

Lórí oyè àlùfáà, àwọn onígbàgbọ́ tí ń ka Bíbélì kan náà kò fẹnu kò. Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Ireland gbà kí obìnrin di àlùfáà ní 1990, Pat Storey sì di bíṣọ́ọ̀bù obìnrin àkọ́kọ́ wọn ní 2013. Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Nàìjíríà kò tíì gba obìnrin sí ipò àlùfáà. A kò ní dá ẹjọ́ náà nínú ìwé kékeré yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ìhà kan nínú méjèèjì tí ó rí ẹsẹ Bíbélì tí ó ní kí aya máa kú sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọkọ ń sinmi.

5. Ilé wa ní Dublin

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣe iṣẹ́ alẹ́ fún wákàtí méjìlá dé ilé ní òwúrọ̀, ó mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ó dáná, ó fọ aṣọ, ó sì tún padà sí ẹnu iṣẹ́ ní alẹ́. Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àìsùn ń ba ìlera jẹ́, ó sì léwu fún ẹni tí ń wa ọkọ̀ bọ̀ wá sílé.

Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe. Rárá o. Ìyá wa kò dá a ṣe. Agbo ilé wà: ìyá ọkọ ń gbé ọmọ, àbúrò ń pọn omi, ìyàwó kejì ilé ń ro ọkà. Níhìn-ín, agbo ilé ti tán, ẹrù ènìyàn mẹ́fà sì bọ́ sórí ẹnì kan. Ẹni tí ó kù láti rọ́pò agbo ilé ni ọkọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kì í ṣe pé a gba ipò baba lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà má ti lọ. Bí obìnrin bá rí ìkòkò, tí ọkùnrin sì gbé e kaná, kí àwọn ọmọ ṣáà ti jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti àwọn ọkọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó jẹ́ ẹnjiníà tàbí olùkọ́ nílé, tí wọn kò ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí níhìn-ín, tí ó wá ń wa takisí tàbí tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọgbẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń ka iye owó oṣù tirẹ̀ sí i létí níwájú ọmọ tàbí àlejò ń fi iyọ̀ sí ọgbẹ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ni ìyẹn.

Ohun tí a rọ̀ yín láti ṣe nìyí. Ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kan, tọkọtaya, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ẹni tí kò rí oorun sùn, kí ẹ tó pín iṣẹ́ ilé. Ẹ gbé owó sórí tábìlì, títí kan èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí òbí níhà méjèèjì. Ẹ kọ́ ọmọkùnrin yín láti dáná. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlù ni ó wà nínú ilé, tàbí ìhalẹ̀ àti ìtìmọ́lé, ọ̀ràn nìyẹn lábẹ́ òfin Ireland, kì í ṣe àṣà ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ọlọ́pàá tàbí ẹgbẹ́ Women's Aid. A ó gbàdúrà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n a kò ní fi àdúrà bo ìwà ipá mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ó ń ran ìyá rẹ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé nígbà tí o wà lọ́mọdé? Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ wọn nínú ilé rẹ báyìí?
2. Nínú èrò mẹ́ta tí a kà, èwo ni tìrẹ? Kí ni òtítọ́ tí o rí nínú èyí tí kì í ṣe tìrẹ?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin olórí ilé àti ẹni tí a ń sìn nínú ilé?

Kí Olúwa kí ó fi ìfẹ́ mọ ilé wa, kí ó má sì jẹ́ kí ẹrù ilé náà pa ẹnikẹ́ni. Àmín.