Bí Rọ́ọ̀lù Ṣe Lè Balẹ̀ Síbi Tó Yẹ

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí orin ìyìn bá gbóná ni àṣìṣe onílù máa ń hàn. Akọrin parí ẹsẹ kan, ìjọ ń pàtẹ́wọ́, onílù sì fẹ́ fi rọ́ọ̀lù gbé gbogbo wọn wọ inú ègbè. Ó da ọ̀pá bo sínẹ́à, ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba orí tọ́ọ̀mù méjèèjì kọjá, ó forí lé tọ́ọ̀mù ilẹ̀. Kó tó padà dé, olùdarí orin ti bojú wẹ̀yìn. Orin ti wọ ègbè ṣáájú rọ́ọ̀lù, àtẹ́wọ́ sì ti dàrú.

Àwọn èèyàn á ní ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ yá. Bí wọ́n ṣe to ìlù ni kò dára.

Rọ́ọ̀lù ni àrà kúkúrú tí onílù máa ń dá láàárín ìlù tó ń lọ lọ́wọ́, kí akọrin lè mọ̀ pé nǹkan fẹ́ yí padà. Orin tí a ń kà ní ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ló pọ̀ jù lọ. Bí onílù bá lu ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú kíkà kọ̀ọ̀kan, rọ́ọ̀lù tó gba odindi kíkà mẹ́rin á ní ìlù 16. Bí orin bá ń lọ ní kíkà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni gbogbo ìlù 16 yẹn ní. Ìyẹn ni ìlù mẹ́jọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ní láti na apá tàntàn kí ọ̀pá rẹ̀ tó kan tọ́ọ̀mù ilẹ̀ kò lè rí àyè yẹn.

Nítorí náà, orí àga ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí onílù jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ lé irin tó ń lu ìlù ńlá, kó wo itan rẹ̀: ó yẹ kí itan rọra dagun láti ìbàdí wá sí orúnkún. Àga tó kúrú jù ń gbé orúnkún sókè, ẹsẹ̀ á sì wúwo. Èyí tó ga jù ń mú kí ẹ̀yìn tẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó gbé sínẹ́à sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí etí rẹ̀ ga ju itan lọ díẹ̀. Kó wá di ojú, kó jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kó sì rọra ju ọ̀pá lé tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá bá já lé etí ìlù dípò àárín, ìlù ni kó sún mọ́ ara rẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù fẹ́ràn láti dojú tọ́ọ̀mù kọ àyà wọn bíi dígí. Ó dára lójú, àmọ́ ṣe ni ẹnu ọ̀pá á máa gún awọ, kò ní ta padà sókè. Kí ojú ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kó kàn dagun díẹ̀ sí onílù, ó tó. Ilẹ̀ tún wà níbẹ̀ o. Lórí táìlì, ìlù ńlá máa ń yọ̀ lọ síwájú bí ẹsẹ̀ ṣe ń lù ú, orí rẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń de tọ́ọ̀mù kéékèèké mọ́. Tí yóò bá fi di orin kẹta, gbogbo wọn ti bá a lọ. Kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìlù ni oògùn rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ìtò ìlù bá ọwọ́ onílù mu. Àpẹẹrẹ kan tó yé àwọn olórin ni ti Ringo Starr, onílù ẹgbẹ́ Beatles láti Liverpool. Ọlọ́wọ́ òsì ni, àmọ́ ìlù tí wọ́n tò fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ń lù. Ọ̀nà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbà kò tààrà, ó sì máa ń dúró díẹ̀ láàárín rọ́ọ̀lù. Ìdúró yẹn wá di ohun tí a fi ń dá ìlù rẹ̀ mọ̀. Onílù míì, Phil Collins, náà jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ṣùgbọ́n òun yí gbogbo ìlù rẹ̀ padà sí apá kejì. Ti Collins ló rọrùn jù fún ọlọ́wọ́ òsì tó ń kọ́ṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi agídí jọ Ringo.

Awọ náà ń ba rọ́ọ̀lù jẹ́. Bí awọ bá le lápá kan tó dẹ̀ lápá kejì, ọ̀pá kì í ta bákan náà níbi gbogbo. Kí a máa fi kọ́kọ́rọ́ yí irin tó ń fa awọ ní méjì méjì tó kọjú síra, díẹ̀díẹ̀. Bí sínẹ́à bá ń han jù, téèpù kékeré lórí awọ máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí onílù bàtá, tó ń lẹ ìda mọ́ ojú ìyá ìlù rẹ̀.

Ó wá ku ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló ń di ọ̀pá mú. Àwọn ìka yòókù kàn ń gbè é ni. Kí ọ̀pá méjèèjì máa gòkè dé ibì kan náà, torí ọwọ́ tó bá lọ sókè jù ni yóò pẹ́ dé. Bí onílù bá lu ìlù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa ṣíwájú níbi gbogbo, òun náà ni yóò sì padà sórí ení, pa pọ̀ pẹ̀lú símbálì àti ìlù ńlá. Bó bá jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọwọ́ tó ń ṣíwájú á máa yí, apá á sì máa kọlu ara wọn bí onílù kò bá múra.

Ẹsẹ̀ òsì, tó ń tẹ hái-hàtì, símbálì méjì tó kọjú síra, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé. Tony Allen, onílù ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, kò gbàgbé rẹ̀. Ó gbọ́ àwo àwọn onílù jáàsì, Art Blakey àti Max Roach, ó sì ka ẹ̀kọ́ tí Roach ṣe lórí hái-hàtì nínú ìwé ìròyìn Down Beat ti Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ onílù háílàìfù l'Ékòó kò ka hái-hàtì sí. Nígbà tó ń lù fún Fela, láti 1964, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí àwo Africa 70, ẹgbẹ́ Fela, yóò gbọ́ pé rọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í gùn, ìlù kì í sì í dúró nítorí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ra kò le. Kí onílù ṣí ohun tó ń ka àkókò lórí fóònù, kó gbé e sí kíkà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kó lu ìlù lásán fún kíkà mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, kó wá dá rọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kí ẹsẹ̀ òsì máa tẹ hái-hàtì lọ, kí ẹnu sì máa kà sókè. Kí rọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ jẹ́ kíkà kan péré. Bí ẹnu bá dákẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń sáré, kò tíì tó láti gbé e sí 65.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí onílù mẹ́ta ti ń pín ìlù kan lò, kí wọ́n fi téèpù sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ ìlù kọ̀ọ̀kan wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀ akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba onílù yín kúrò lórí àga oníke. Ẹ ra àga onílù tó ṣeé gbé sókè sódò fún un kí ẹ tó ra símbálì míì.