Oúnjẹ Màlúù àti Oògùn Màlúù

Àdúgbò kan wà ní ìlú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, tó ń jẹ́ Dougouba. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sọ̀rọ̀ màlúù, nítorí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lórílẹ̀-èdè yẹn ń jẹ ẹran, wọ́n sì ń mu dègué tí a fi wàrà kíkan ṣe bíi gbogbo ará ìlú.

Koríko ni oúnjẹ màlúù. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko á gbẹ, eegun ìhà ẹran á máa yọ. Ìlú òwú ni Bouaké. Láti 1921 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sílẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti fún epo inú kóró òwú tán, ohun tó ṣẹ́ kù máa ń mú màlúù sanra. Darandaran tún ń fún un ní iyọ̀ lá. Àfikún oúnjẹ nìwọ̀nyí, bí irú ti jẹ́ sí ọbẹ̀. Àwọn kan ń po yùríà, ajílẹ̀ funfun nì, mọ́ koríko gbígbẹ. Ó dára bó bá mọ níwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, màlúù lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ṣùgbọ́n àńtíbáyọ́tíìkì kì í ṣe àfikún oúnjẹ bí irú. Oògùn tí ń pa bakitéríà ni, ìyẹn àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ń fa àrùn. Alexander Fleming ló ṣàwárí pẹnisílíìnì ní 1928. Kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Lederle ní Amẹ́ríkà rí i pé adìyẹ tó jẹ nínú pàǹtírí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń ṣe oògùn Aureomycin ń yára dàgbà. Ní 1951, ìjọba ibẹ̀ gbà kí wọ́n máa po àńtíbáyọ́tíìkì mọ́ oúnjẹ ẹran. Bí ẹran tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oògùn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Oògùn díẹ̀díẹ̀ ń pa kòkòrò tí kò lágbára. Èyí tó le koko á yè, á sì bí ọmọ tó le bíi tirẹ̀. Bó bá wọ ara ènìyàn, oògùn tí dókítà fún onítọ̀hún lè má ràn án mọ́. Sweden fòfin de fífi àńtíbáyọ́tíìkì mú ẹran yára dàgbà ní 1986, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2006.

Lójú tèmi, kì í ṣe inú oúnjẹ ni ká ti wá ewu yìí ní Bouaké. Inú àpò darandaran ni. Màlúù oníké tó ń ti Mali àti Burkina Faso bọ̀ kò lè fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri bí màlúù Baoulé kúkúrú ti ìbílẹ̀ ṣe ń fara dà á. Bó bá ń rù, ẹni tó ni ín lè ra àńtíbáyọ́tíìkì tó ń jẹ́ oxytetracycline lọ́jà, kó fojú díwọ̀n rẹ̀, kó gún un. Bakitéríà kọ́ ló sì ń fa àìsàn yẹn! Owó ṣòfò, kòkòrò mìíràn sì kọ́gbọ́n.

Bí oògùn bá tilẹ̀ bá àrùn mu, kì í tètè jáde lára ẹran. Iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó pa ẹran tàbí kí a tó ta wàrà rẹ̀ wà lára ìwé tó bá oògùn náà wá. Fún oríṣi mìíràn, ó lè tó ọjọ́ 28 kí a tó pa ẹran. Sísè kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ń ṣe dègué lè kọ́kọ́ fura: wàrà tó lóògùn nínú lè kọ̀, kó má kan, kó má dì. Èrò rẹ̀ á jẹ́ pé omi ni wọ́n bù sí i. Kó tó bá ẹni tó tà á fún un jà, kó kọ́kọ́ bi í pé: "Ọjọ́ wo lẹ gún màlúù yìí lábẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn?"