Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìdọ̀tí Ilé Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù, nítorí èèpo iṣu, háhá àgbàdo, eérú àti ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń dà síbẹ̀. Ilẹ̀ a jẹ wọ́n tán, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ a sì hù lórí wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, ní Ìlaròó àti ní Ayétòrò, ọ̀rá omi, ike, agolo àti ìgò ti dára pọ̀ mọ́ èèpo. Ilẹ̀ kò lè jẹ ìwọ̀nyí. Ọ̀rá a dí ojú gọ́tà, àgbàrá a sì ya wọ ilé. Bí ewúrẹ́ bá gbé e mì, ó lè ti ibẹ̀ kú.

Àwọn kan ní kí a dáná sun ún, ṣùgbọ́n èéfín ike a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí ó sàn jù ni pé kí a tún ìdọ̀tí lò. Síbẹ̀, a kò lè tún ohun tí a kò mọ̀ lò. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣa ìdọ̀tí ilé wa, kí a sì wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021, ọjọ́ mẹ́jọ ni a fi ń kó ìdọ̀tí àwọn ilé tí a bá yàn jọ. A kì í ka ti ọjọ́ kìíní, nítorí ó lè jẹ́ àkójọ ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó wọ ìbọ̀wọ́, a ó ya èèpo àti àjẹkù sọ́tọ̀, a ó ya ike àti ọ̀rá, ìwé àti páálí, agolo àti irin, ìgò, àti iyẹ̀pẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kó wá láti àgbàlá. A ó wá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20 kílò, tí èèpo sì jẹ́ 11 kílò, èèpo jẹ́ 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára kí a tún un ṣe ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ìdọ̀tí àsìkò àgbàdo tútù kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti ọyẹ́.

Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá wo ààtàn, a ó rò pé ọ̀rá ni ó pọ̀ jù, nítorí ó fúyẹ́, ó sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí Báńkì Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà, oúnjẹ àti ewéko tó nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìdọ̀tí. Ike àti ọ̀rá kò pé 10.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa ará Yewa tí a jẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí ó wúwo jù nínú ìdọ̀tí wa lè di oúnjẹ ẹran tàbí ajílẹ̀ oko. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìyókù kò ní pọ̀, yóò sì mọ́ tónítóní. Ẹni tí ń ra páálí tàbí ike àlòkù kì í fẹ́ èyí tí ọbẹ̀ ti rin gbingbin.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1883, Eugène Poubelle, aláṣẹ kan ní Paris, pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ohun ìkódọ̀tísí mẹ́ta: ọ̀kan fún ohun tí ń jẹrà, ọ̀kan fún ìwé àti àkísà, ọ̀kan fún ìgò àti àfọ́kù àwo. Títí di òní, poubelle ni àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pe ohun ìkódọ̀tísí, títí kan àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Pobè, ní òdìkejì ẹnubodè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, láti ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ìmọ́tótó ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti da èèpo àti ìgò pọ̀ tán, ìyà ni ó kù fún ẹni tí yóò tún un ṣà.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a kì í ka ìdọ̀tí ọjọ́ kìíní?
2. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: “Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n.”
3. Wọn ìdọ̀tí ilé yín fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì kọ àròkọ lórí ohun tí o rí.