Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Gun Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Náà Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere orí òkè ní Ìlú Ọba fi sọ́kàn kó tó náwó. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójú títì. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì léyín. Ṣọ́ọ̀kì wà níwájú rẹ̀, ó sì lè wà lẹ́yìn pẹ̀lú. Inú igbó, orí òkúta àti gbòǹgbò igi ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn lè gba £2,000 lọ́wọ́ èèyàn, òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Owó tó tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ ẹni torí pé ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́ ń dán, tàbí torí pé ẹni tó ń tà á mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gùn ún wò. Ẹ má sì kàn gùn ún yí iwájú ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ ní ó ti tó. Ẹ gbé e dé orí òkè.

Ilẹ̀ títẹ́jú máa ń purọ́ fún ni nípa kẹ̀kẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ òkè. Ẹ wo fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú. Bó bá dàgẹ̀rẹ̀ síwájú dáadáa, tó wà ní nǹkan bíi dìgírì 65, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa fì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kẹ̀kẹ́ náà kò gbọ́ràn. Ẹ gbé e dé ibi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀ gan-an, tí eré ti pọ̀, òun náà ni yóò dúró ṣinṣin lábẹ́ yín. Èyí tí fọ́ọ̀kì tirẹ̀ dúró ṣánṣán, bíi dìgírì 69 tàbí 70, á yí wẹ́rẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, inú yín á dùn sí i. Ní ìsọ̀kalẹ̀ tó le, ìyíwẹ́rẹ́ yẹn náà ló máa ń dẹ́rù bani. Bákan náà ni ṣọ́ọ̀kì rí. Èyí tó rọ̀ jù máa ń dùn ún jókòó lé lójú títì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, agbára tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni yóò máa gbé e mì.

Òkè náà ló kúkú bí kẹ̀kẹ́ yìí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin, ní California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn tó wúwo gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀ lọ sórí àwọn òkè tó yí Òkè Tamalpais ká, wọ́n ń gùn wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje lójú ọ̀nà kan tó wà nítòsí ìlú Fairfax. Bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà nínú ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, ó ti gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ ti di èéfín. Kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n tú u, kí wọ́n di gíríìsì tuntun sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọ̀nà náà ní Repack. Ní 1977, Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, tó lè gba ìyà òkè. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde sọ́jà, nígbà tó sì di 1996, ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Ohun tí òkè bá kọ̀ ni wọ́n ń yọ, ohun tí òkè bá gbà ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Kí ló wá dé tí àwa fi máa rà á láìjẹ́ kí òkè kankan dá sí i?

Kí ẹ tó gbé e jáde, ọ̀rọ̀ ìtẹ́ eku ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Wọ́n máa ń kọ S, M, L tàbí XL sára férémù, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé lẹ́tà yẹn. M ilé-iṣẹ́ kan lè fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 gùn ju M ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹ dúró lórí pẹ́dà méjèèjì, kí wọ́n wà lọ́gbọọgba, kí ẹ tẹ orúnkún àti ìgúnpá díẹ̀, torí lórí ìdúró la ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú igbó. Bí orúnkún yín bá ń gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kéré. Bí ẹ bá ní láti na apá tán kí ìka tó kan bíréèkì, ó tóbi. Ní ti ìjókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán láìjẹ́ pé ìdí yín fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwa òbí mọ àṣà wa. A máa ń ra bàtà tó tóbi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ, kó lè wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ yìí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, tí ìka rẹ̀ kò ká bíréèkì, kò ní lè dá kẹ̀kẹ́ dúró nígbà tí òkè bá ń gbé e lọ. Ẹ ra èyí tó bá a mu lónìí. Bó bá kéré fún un lọ́la, ẹ tà á kí ẹ fowó rẹ̀ kún ti òmíràn.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ló kan afẹ́fẹ́, ibẹ̀ sì ni mo ti ń mọ ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì òde òní, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ bá ìwúwo ẹni tó fẹ́ gùn ún mu. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á ní kí ẹ dé akoto, kí ẹ gbé báàgì tí ẹ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí òun bá dì í mú. Á wá fi ìka ti òrùka rọ́bà kékeré kan tó wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì títí yóò fi kan ìdí ibi tí ọ̀pá náà ti ń wọlé. Ẹ ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò ní fò. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti fúyẹ́ padà, ọ̀pá á yọ jáde, òrùka á sì wà níbi tí ìwúwo yín tì í dé. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá jẹ́ èyí tó ń wọlé ní mìlímítà 50, ó yẹ kí òrùka jìnnà sí ìdí ní nǹkan bíi mìlímítà 15, ìyẹn ìdá 30 nínú 100. Ti iwájú kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìdá 20 tàbí kó lé díẹ̀ ti tó. Bó bá rì jù, á fi pọ́ǹpù kékeré fún un ní afẹ́fẹ́ sí i. Bí kò bá rì tó, á yọ díẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe é, tí wọ́n kàn ti kẹ̀kẹ́ sí yín lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò fún ara ẹlòmíràn lẹ ń gùn wò.

Ẹ má gbàgbé táyà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ le koko, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè tó 40 psi, bẹ́ẹ̀ láàárín 20 sí 30 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gùn nínú igbó. Táyà tó le jù a máa ta pọ́nún lórí òkúta, ẹ ó sì di ẹ̀bi ru férémù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ti bíréèkì. Ní Ìlú Ọba, ọwọ́ ọ̀tún ló ń dá ẹsẹ̀ iwájú dúró. Ẹni tó ti gun ọ̀kadà nílé ti mọ̀ ọ́n lára. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ló ni iwájú. Ẹni tó bá ti Houston wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London, tó sì gba kẹ̀kẹ́ gùn, lè fa iwájú pátápátá nígbà tó rò pé ẹ̀yìn lòún fà, kẹ̀kẹ́ a sì gbé e gba orí sọ sílẹ̀. Ẹ fa bíréèkì kọ̀ọ̀kan wò nígbà tí ẹ ṣì dúró sójú kan. Bí bíréèkì onídíìsìkì bá ṣì jẹ́ tuntun, kì í tètè mú. Ó tó bí ìgbà 20 tí wọ́n á fi sáré, tí wọ́n á sì rọra fà á, kó tó jí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gùn ún láìdé akoto, bó ti wù kó kúrú tó. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Ó wá ku òkè fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi dán gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá wù yín wò. Kó ní òkè gígùn tí ẹ lè gùn lórí ìjókòó, kó ní kọ̀rọ̀ tó há díẹ̀, kí òkúta tàbí gbòǹgbò sì wà ní ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ kíyè sí bóyá ẹsẹ̀ iwájú ń fẹ́ gbéra nílẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yọ̀. Ẹ yí jíà, kí ẹ tẹ́tí sí ṣéènì bóyá ó ń fò. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kíyè sí ojú ara yín. Lórí kẹ̀kẹ́ tó báni mu, ojú a máa wà lọ́nà iwájú, ara a sì balẹ̀; lórí èyí tí kò báni mu, táyà iwájú lèèyàn máa ń wò ṣáá. Mo gba àmì yìí gbọ́ ju ohunkóhun tí wọ́n lè kọ sínú ìwé ìpolówó lọ. Nísàlẹ̀ òkè, ẹ fa bíréèkì iwájú mọ́ra, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí nǹkan bá ń dún kó, kó, kó lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ohun kan ti dẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá gun mẹ́ta lọ́jọ́ kan, àárẹ̀ ni yóò bá ìkẹta pàdé, ẹ ó sì rò pé òun ló burú. Ẹ padà gun ìkíní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú fóònù yín kí ẹ tó gorí òmíràn, torí bó bá di alẹ́, gbogbo wọn á ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn lọ́kàn yín. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn dání bí ẹ bá rí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgùnwò. Wọ́n á gba ìwé ìdánimọ̀ àti káàdì báńkì yín, àwọn mìíràn á gba owó díẹ̀ tí wọ́n á yọ kúrò nínú iye kẹ̀kẹ́ bí ẹ bá rà á. Ẹ bi wọ́n ta ni yóò san án bí nǹkan bá kán, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí kò bá sí òkè nítòsí ṣọ́ọ̀bù yín, àwọn igbó tí wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí wà: Bedgebury ní Kent, Swinley ní Berkshire, Cannock Chase, Coed y Brenin ní Wales, Glentress nítòsí Peebles ní Scotland. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà ṣe le tó: àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú ló le jù. Búlúù ti tó láti dán kẹ̀kẹ́ wò. Ẹ kíyè sí òfin o: ní England àti Wales, òfin ọdún 1968 fún oníkẹ̀kẹ́ láyè lójú ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, kò fún un lẹ́tọ̀ọ́ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Àwọn kan á gba kẹ̀kẹ́ ṣọ́ọ̀bù gùn ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n á jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tò ó fún wọn, wọ́n á wá lọ ra irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí £50. Kò dáa. Ẹni tó lo ọgbọ́n orí rẹ̀ fún yín yẹ lẹ́ni à ń sanwó fún. Ẹ bá a dúnàádúrà. Ó lè dín owó, tàbí kó fi pẹ́dà tàbí akoto kún un.

Ẹni tí kò bá sì ní ọ̀nà mìíràn ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ, òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà: òfin fún yín ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gùn ún wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ nínú owó yín. Bó bá ní àbùkù, òfin ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá a padà fún ẹni tó ń ta ọjà ṣiṣẹ́ ṣe, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Ẹni tó ń ta àlòkù tirẹ̀ nílé kò sí lábẹ́ èyí. Lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ férémù nítòsí pẹ́dà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì BikeRegister bóyá wọ́n jí i.

Bí ẹ bá ti yan èyí tó bá yín mu, ẹ ní kí ṣọ́ọ̀bù kọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú àti ti ẹ̀yìn fún yín sórí rìsíìtì. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí ẹ lè gbé e padà wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, torí okùn jíà máa ń dẹ̀, nọ́ọ̀tì sì máa ń tú díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún un.